Igbó Ọba ní Ilẹ̀ Yorùbá: Láti Olókemejì dé Omo

Ní ọdún 1895, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ológeere gbòde ní ilẹ̀ òyìnbó tí gbogbo ayé sì ń wá rọ́bà tí wọn yóò fi ṣe táyà rẹ̀, oje igi ìrẹ́ tí a kó gba èbúté Èkó lọ sí òkè òkun lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́ùn lórí ìwọ̀n, ohun tí ẹnikẹ́ni kò lálàá rẹ̀ ní ọdún méjì ṣáájú, nítorí pé títí di ìgbà náà kò sí ẹni tí ó ka ìrẹ́ sí ju ọ̀kan nínú àwọn igi tí ń hù nínú ẹgàn Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú àti Oǹdó. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú láti Góòlù Kóósì ni wọ́n wá kọ́ àwọn ènìyàn wa bí a ti í fi àdá kọ èèpo igi náà tí oje funfun yóò fi máa ṣàn. Owó dé, ojú sì là. Àgbẹ̀ gbé ọkọ́ kọ́ àjà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tí kò rí ogun jà mọ́ lẹ́yìn tí ogun Kírìjì parí gba inú igbó lọ. Wọ́n kọ igi náà láti ìdí dé orí, wọ́n kọ ọ́ yípo láì fún un ní ìsinmi, èyí tí kò sì ṣeé gùn, wọ́n gé e lulẹ̀ kí wọn lè rí oje rẹ̀ fà tán lẹ́ẹ̀kan náà. Igi tí a bá sì kọ èèpo rẹ̀ yípo, kíkú ní í kú. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó wọlẹ̀, ìrẹ́ ti kú lọ súà, òwò tí ó sọ àwọn kan di olówó láàrin òru ọjọ́ kan sì ti wó lulẹ̀.

Inú òfò ńlá yìí ni a ti bí ohun tí àwọn ará oko ń pè ní igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba pa ààlà sí, tí ó fi aṣọ́gbó sí, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n kò ní yẹ kí a sọ ìtàn náà bí ẹni pé àwọn baba wa kò mọ bí a ti í tọ́jú igbó kí òyìnbó tó dé. Samuel Johnson, àlùfáà àti òpìtàn wa nì, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé àwọn ìlú Yorùbá a máa fi igbó dídí yí odi wọn ká, tí wọ́n ń pè é ní igbó ilé, tí ó sì jẹ́ èèwọ̀ láti gé igi níbẹ̀, nítorí pé igbó náà ni àsà ìlú nígbà ogun. Igbó orò ń bẹ, igbó egúngún ń bẹ, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sì ń bẹ títí di òní olónìí, tí a kò jẹ́ dá iná sí, tí a kò jẹ́ ṣọdẹ níbẹ̀. Ìrókò olúwéré, ẹni tí yóò gé e kò ní ṣàì wá ètùtù. Agbẹ́gilére tí ó fẹ́ fi igi òmọ̀ gbẹ́ ìlù kò ní ṣàì bá igi sọ̀rọ̀ kí ó tó bá àáké sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni òfin ilẹ̀ fúnra rẹ̀ wà: pé ìdílé ni ó ni ilẹ̀, pé baálé ni ó ń pín in, pé ọba ni ó ń dáàbò bo gbogbo rẹ̀, pé àlejò tí ó bá fẹ́ dáko yóò mú ìṣákọ́lẹ̀ wá, àti pé oko tí ó bá ti gbó, a ó fi í sílẹ̀ kí ó padà di igbó. Òwò ìrẹ́ borí gbogbo èyí nítorí pé ó yára ju ìgbìmọ̀ àwọn àgbà lọ. Ẹni tí ń kọ ìrẹ́ kì í dúró pẹ́ níbì kan tó bẹ́ẹ̀ tí baálé yóò fi mọ̀ pé ó wọ igbó òun.

Àwọn òyìnbó aláṣẹ náà ti ń fi ojú sí igbó wa kí ọ̀rọ̀ ìrẹ́ tó ṣẹlẹ̀. Alfred Moloney, Gómìnà Èkó, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1887 lórí igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọdún kan náà tí a dá ọgbà ọ̀gbìn ìjọba sílẹ̀ ní Ebute Metta. Ní 1897 ìjọba Èkó dá ilé iṣẹ́ igi àti igbó sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbìmọ̀ òfin tí yóò fún Gómìnà ní agbára lórí àwọn ilẹ̀ igbó tí wọ́n rò pé kò ní olówó. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó, àwọn olóyè àti àwọn oníwèé ìròyìn fi igbe bọnu pé kò sí ilẹ̀ kan ní gbogbo Yorùbá tí kò ní olówó, pé bí igbó bá tilẹ̀ dí tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò ti tẹ̀ ẹ́ fún ìran méjì, ìdílé tí ó ni ín mọ odò tí ó pààlà rẹ̀ àti igi tí baba wọn fi sàmì. Àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran: ohun tí òyìnbó rí ni igbó tí kò sí ilé níbẹ̀, ohun tí onílẹ̀ rí ni ogún.

Mo gbà pé àríwísí yìí ni ó gba igbó ọba là, nítorí pé òun ni ó mú kí ìjọba yí ọ̀nà padà. William MacGregor, dókítà oníṣègùn tí ó jẹ Gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, kò fi agbára gba ilẹ̀. Ọwọ́ ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè ìlú ni ó gbé ọ̀rọ̀ igbó lé, kí Ìbàdàn mesì ọ̀gọ̀ ṣe òfin igbó Ìbàdàn, kí Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, tí wọ́n ṣì ń ṣe ìjọba ara wọn nígbà náà, mọ bí wọn yóò ti ṣe igbó Ẹ̀gbá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọdún 1899 ni wọ́n pa ààlà sí Olókemejì, igbó ọba àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà. Ibi tí wọ́n yàn jẹ́ ibi ọgbọ́n. Ó wà ní etí odò Ògùn, níbi tí ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti ti Ìbàdàn ti pàdé, àwọn òkè dúró gbagidi lé e lórí, ojú ọ̀nà rélùwéè tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó kí ó sọ̀ kalẹ̀ sí àárín igbó. Lékè gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹgàn ti ń parí tí ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀, tí igi igbó àti igi ọ̀dàn jọ ń du ilẹ̀ kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi ọgbà ọ̀gbìn lélẹ̀ níbẹ̀, wọ́n dán oríṣiríṣi igi ilẹ̀ òkèèrè wò, láàrin wọn ni tíìkì tí a mú ti ìhà ìlà-oòrùn ayé wá, èyí tí gbogbo onígẹdú mọ̀ lónìí. Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ ilé iṣẹ́ igbó ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyẹn kì í ṣe òyìnbó nìkan. Bí a bá dárúkọ Cyril Punch tí ó ṣe olórí wọn, ó tọ́ kí a dárúkọ Thomas Dawodu pẹ̀lú, ọmọ Èkó tí wọ́n rán lọ sí ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ìmọ̀ ewéko, tí ó padà wálé tí ó sì ṣe iṣẹ́ igi àti iṣẹ́ igbó. Ó dùn mí pé orúkọ rẹ̀ kò sí lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa.

Ẹni tí ó wá fi ètò sí iṣẹ́ náà káàkiri gúúsù ni H. N. Thompson, ọ̀gá igbó kan tí a mú láti ilẹ̀ Bọ́má wá ní ọdún 1903, tí ó sì wà lórí iṣẹ́ náà fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Èrò tí ó fìdí múlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ náà ni pé ó yẹ kí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ilẹ̀ di igbó ọba. Wọn kò dé ìdajì rẹ̀ títí di òní. Ìdá kan nínú mẹ́wàá tàbí bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ fún igbó lórí ìwé. Bí a bá sì mọ bí a ti ń sọ igbó di igbó ọba nígbà náà, kò ní yà wá lẹ́nu pé wọn kò lè dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Ìjọba yóò kọ́kọ́ kéde pé òun ń fẹ́ ilẹ̀ báyìí-báyìí, láti odò kan sí òkè kan. Lẹ́yìn náà ni yóò yan òṣìṣẹ́ kan tí yóò jókòó bí adájọ́, kí gbogbo ẹni tí ó bá ní ohun kan nínú igbó náà wá sọ ọ́: ẹni tí oko kòkó rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí ó ní ọ̀pẹ, ẹni tí baba rẹ̀ ń dẹ pàkúté létí odò, ìlú tí ojúbọ rẹ̀ wà nínú igbó, àwọn obìnrin tí ń ṣa ìgbín àti ewé tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Ẹ̀tọ́ tí a bá gbà, a ó kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ náà. Abúlé tí ó bá ti wà níbẹ̀ ṣáájú, a ó pa ààlà yí i ká kí ó lè máa gbé ayé rẹ̀ láàrin igbó ọba. Ìgbà tí èyí bá parí ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ orúkọ igbó náà sínú ìwé ìkéde ìjọba, tí a ó sì la ipa ààlà rẹ̀ pẹ̀lú àdá. Ìjọba ìbílẹ̀, ìyẹn ọba àti ìgbìmọ̀ rẹ̀, ni a kọ púpọ̀ nínú àwọn igbó náà sí lórúkọ. Aṣọ́gbó tí ń rìn ní ààlà, ọmọ ìlú ni, owó rẹ̀ a máa jáde láti inú àpò ìlú, nínú owó orí igi tí onígẹdú ń san. Aṣọ́gbó yìí ni yóò fi òòlù tí ó ní àmì lójú lu kùkùté igi tí a gé àti gẹdú tí a gé jáde lára rẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé gẹdú tí kò bá ní àmì, olè ni ó gbé e.

Ní ọdún 1912, nígbà tí ìgbìmọ̀ kan láti Lọ́ńdọ̀nù ń wádìí ọ̀ràn ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Ẹlẹ́sì Odògbólú, ọ̀kan nínú àwọn ọba Ìjẹ̀bú, ṣàlàyé fún wọn pé ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé ńlá kan tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti kú, tí díẹ̀ wà láàyè, tí àwọn tí a kò tíì bí kò sì lóǹkà. Ní 1921 ìgbìmọ̀ ìdájọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù dá Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa ti Èkó, láre lórí ilẹ̀ Àpápá, wọ́n sì gbà pé ará ìlú ni ó ni ilẹ̀ ní tòótọ́. Bí mo bá ti ń gbé ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́sì yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dá mi lójú pé kò sí òye tí ó sún mọ́ iṣẹ́ igbó ju èyí lọ. Ọ̀gànwó tí a gbìn lónìí, ọmọ ọmọ wa ni yóò gé e. Ẹni tí ó bá gbà pé òun nìkan ni ó ni ilẹ̀ kò ní rí ìdí tí òun yóò fi dúró fún un. Ohun tí Thompson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú wá kì í ṣe òye náà. Ìwé, ààlà, òòlù àti owó oṣù aṣọ́gbó ni wọ́n mú wá. Níbi tí nǹkan méjèèjì ti fara mọ́ra, igbó ọba dúró.

Kí n tó kúrò ní Olókemejì, iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ṣe níbẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo àgbẹ̀ àti ọdẹ mọ̀. Ní ọdún 1929, wọ́n pín ilẹ̀ ọ̀dàn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kan, wọ́n ń dá iná sun ún lọ́dọọdún ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti gbẹ ráúráú tí iná sì ń jó bí ogun. Apá kejì, wọ́n ń sun ún ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi ṣì wà lára koríko. Apá kẹta, iná kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ láì dẹwọ́, láti ọwọ́ ọ̀gá kan dé ọwọ́ ọ̀gá mìíràn, fún ọdún 28 kí wọ́n tó jókòó ṣírò gbogbo rẹ̀. Apá tí iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ń jó di pápá koríko tí igi rẹ̀ ń dín kù. Èyí tí a ń sun ní kùtùkùtù ní igi tí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí a kò sun rárá, igbó ni ó dà, tí àwọn igi ẹgàn tí kò lè fara da iná ń hù níbẹ̀ fúnra wọn láìsí ẹni tí ó gbìn wọ́n. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé púpọ̀ nínú ọ̀dàn tí a ń rí láti Abẹ́òkúta lọ sí òkè kì í ṣe ọ̀dàn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, bí kò ṣe igbó tí iná ọdẹ àti iná àgbẹ̀ kò jẹ́ kí ó jí mọ́. Ọmọ ènìyàn díẹ̀ ni ó tíì fi sùúrù tó báyìí bi ilẹ̀ ní ìbéèrè.

Ìjẹ̀bú ọmọ alárè ni ó ni ẹgàn tí ó tóbi jù nínú àwọn igbó ọba tí ó kù sí wa. Omo, tí ó ti kọ́kọ́ wà lára igbó Ṣáṣá, di igbó ọba tí ó dá dúró ní ọdún 1925. Ó fẹ̀ tó 1,305 kìlómítà níbùú lóròó, láti ìhà Ìjẹ̀bú lọ bá ààlà Oǹdó. Àwọn àgbègbè iṣẹ́ gẹdú inú rẹ̀ ni àwọn tí ń gbé ibẹ̀ fi ń pe ibùgbé wọn títí di òní: J1, J3, J4, J6. Àwọn gẹdú etí omi, wọ́n a dì wọ́n pọ̀ mọ́ra, wọ́n a sì gbé wọn lé orí omi ọ̀sà títí dé àwọn sọ́mìlì Òkóbàbà ní Ebute Metta, níbi tí ayùn kì í ti í sinmi nígbà náà. Afárá, arère, ọ̀gànwó, ìdígbó: àwọn ni wọ́n kọ́ ilé Èkó.

Ní 1944 àwọn ọ̀gá igbó mú ètò kan wọlé láti ilẹ̀ Màláyà, èyí tí a fẹ́ fi mú kí ọmọ igi olówó iyebíye hù lábẹ́ òjìji àwọn ìyá wọn kí a tó gé àwọn ìyá náà. Wọ́n gé àwọn ìtàkùn, wọ́n sì fi májèlé pa àwọn igi tí ọjà kò fẹ́, kí oòrùn lè dé ilẹ̀. Oòrùn dé ilẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtàkùn ni ó kọ́kọ́ gbà á, ó gùn ó sì bo àwọn ọmọ igi náà mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó sì fi máa tó ogún ọdún, àwọn igi tí a ti fi májèlé pa gẹ́gẹ́ bí aláìwúlò ti di ohun tí onígẹdú ń fi owó wá. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ní àwọn ọdún 1960 wọ́n pa ètò náà tì. N kò rò pé inú búburú ni ó mú un wá. Ìwé ọjà ọdún kan ni wọ́n gbé ka iwájú nígbà tí wọ́n ń ṣètò ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ọ̀nà kejì tí wọ́n tọ̀ yàtọ̀, ó sì sún mọ́ ìṣe wa. Ó ti Bọ́má wá pẹ̀lú: a ó fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ nínú igbó ọba kí ó gbin iṣu àti àgbàdo, kí ó sì gbin ọmọ igi sáàárín wọn, bí igi bá ti ga tó láti ṣíji bo oúnjẹ, àgbẹ̀ yóò ká ẹrù rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ mìíràn, igi yóò sì máa dàgbà lọ. Nípa báyìí ni tíìkì fi pọ̀ ní igbó Gàm̀bàrí àti Olókemejì, tí igi mẹ̀láínà sì fi gba ibi púpọ̀ ní Omo, èyí tí wọ́n gbìn kí ó lè di bébà ní ilé iṣẹ́ ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ń kọ́ sí Ìwópin létí ọ̀sà. Ilé iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ bí a ti pète rẹ̀, igi tí ì bá di ìwé fún àwọn ọmọ wa sì ń di pákó àti igi ìdáná.

Ní òkè lọ́hùn-ún, níbi tí Aláàfin, ikú bàbá yèyé, ti jọba kí ogun tó lé Ọ̀yọ́ kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé, igbó ọba gba ọ̀nà mìíràn. Ìjọba ìbílẹ̀ pa ààlà sí igbó Òkè Ògùn ní 1936, wọ́n sì pa á sí igbó Ọ̀yọ́ Ilé ní 1941. Ní 1952 àwọn méjèèjì di igbó ẹranko, ní 1991 wọ́n sì di ọ̀kan ṣoṣo lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọgbà tí ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, tí ahoro ààfin àti odi àwọn baba wa wà nínú rẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni agbára lórí igbó ti ń ṣí kúrò lọ́dọ̀ ìlú. Ó kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn. N kò ní purọ́ mọ́ àwọn ará ìgbà náà, iṣẹ́ wọn dára, ìmọ̀ sì gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, nítorí pé Ìbàdàn ni ilé ìwádìí igbó ìjọba àpapọ̀ wà láti 1954, ibẹ̀ náà ni Yunifásítì ti dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ igbó sílẹ̀ ní 1963. Lẹ́yìn náà ni a dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, ní 1976 a sì fọ́ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta, Omo bọ́ sí Ògùn, igbó ọba Olúwa bọ́ sí Oǹdó. Ìjọba ìbílẹ̀ tí aṣọ́gbó ń jíhìn fún tẹ́lẹ̀ di ohun mìíràn, owó orí igi sì di ọ̀kan nínú owó tí ìpínlẹ̀ ń pa. Ọmọ ìlú tí ó ń rí ọkọ̀ agbégẹdú tí ń jáde nínú igbó baba rẹ̀ lóru kò mọ ẹni tí yóò fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn mọ́. Bí ó bá sì mọ̀ ọ́n, kò rí ohun tí yóò jẹ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ní Ìbàdàn fúnra rẹ̀, Alálùbọ́sà tí ó jẹ́ igbó ọba ti di ibi tí àwọn ọlọ́lá kọ́ ilé sí.

Apá kan wà láàrin Omo tí àáké kò gbọdọ̀ dé láti ọdún 1946, 460 hẹ́kítà, tí UNESCO sì kọ mọ́ àwọn igbó àgbáyé tí ó yẹ ní títọ́jú ní 1977. Àjànàkú ṣì ń rìn nínú ẹgàn Omo. Ní àyíká rẹ̀ ni oko kòkó ti ń wọlé, lọ́wọ́ àwọn àjèjì tí wọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn àti lọ́wọ́ àwọn ọmọ abúlé tí orúkọ wọn ti wà nínú ìwé àṣẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òfin mọ ìyàtọ̀ láàrin àwọn méjèèjì. Ẹ̀tọ́ àwọn tí ó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ kò tíì parẹ́. Ṣùgbọ́n aṣọ́gbó tí a rán láti olú ìlú ìpínlẹ̀, tí kò bá baálé jókòó rí, kò lè mọ oko tí ó dàgbà ju ààlà lọ yàtọ̀ sí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lé àwọn kan tí kò yẹ kí wọ́n lé, tí wọ́n sì ń fi àwọn tí ó yẹ kí wọ́n lé sílẹ̀, tí ẹjọ́ ààlà tí wọ́n rò pé a ti parí ní 1925 sì ń padà wá síwájú àwọn àgbà Ìjẹ̀bú lọ́dọọdún.